Ta Ló Ni Ewé Tíì Tó Wà Lẹ́bàá Ògiri?

Ẹ jẹ́ ká jọ ronú lórí ìbéèrè kan tó dà bíi kékeré lójú: bí ẹnì kan bá fún mi ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé ó tọ́ kí n sọ nǹkan náà di ọjà? Bí ẹ bá yára dáhùn pé kò tọ́, ẹ dúró díẹ̀. Bí ẹ bá sì yára dáhùn pé, "Kí ló burú níbẹ̀? Ohun tó ti dé ọwọ́ mi ti di tèmi," ẹ̀yin náà, ẹ dúró díẹ̀. Ìbéèrè yìí ti tú ọ̀rẹ́ ká. Ó ti mú kí àwọn tó jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà máa gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mi ò fẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ńláńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Ewé tíì ni mo fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní koríko ọba. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ mú bí abẹ, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹlòmíràn ń fi mu tíì láàárọ̀, ẹlòmíràn ń sè é mọ́ àgbo ibà. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí àwa ayálégbé pọ̀ sí ní Kaduna níbí, ẹ ó rí ìdí kan tàbí méjì lẹ́bàá ògiri, nítòsí ibi tí à ń fọ aṣọ sí. Ẹnì kan ló gbìn ín, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń já a.

Ewé tí ọwọ́ ń gbé kiri

Ẹ wo àgbàdo. Bó bá ti gbó, ẹ ó tọ́jú hóró rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ wo ẹ̀fínrín náà. Á tan òdòdó, á so, hóró rẹ̀ á já bọ́, bí òjò bá sì ti rọ̀, ẹ ó rí i tó ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ín sí. Ewé tíì ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kó tó tan òdòdó, bó bá tiẹ̀ tan án, a kì í rí hóró tó ṣeé gbìn lára rẹ̀. Ọ̀nà tí à ń gbà ní in ni pé kí ẹnì kan ya ọmọ kúrò lára ìdí tirẹ̀, pẹ̀lú gbòǹgbò díẹ̀ nísàlẹ̀, kó gbé e fún ẹlòmíràn, bí a ti ń ṣe sí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹyẹ kì í gbé e lọ. Atẹ́gùn kì í fẹ́ ẹ lọ. Ọwọ́ ènìyàn ló ń gbé e.

Ilẹ̀ Éṣíà ni koríko yìí ti ṣẹ̀ wá. Láti ọ̀nà jíjìn yẹn títí dé ẹ̀yìnkùlé yín, láti ọwọ́ kan sí òmíràn ló ń bọ̀. Kò sí ìdí kan ní Kaduna, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó tí kò jẹ́ pé ẹnì kan tẹ̀ba, tó yà á, tó sì nà án sí ẹlòmíràn. Àwọn kan gba owó, ọ̀pọ̀ ò gba nǹkan kan ju "ẹ ṣeun" lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó yé àwa tí à ń gbé lókè Ọya ju ẹlòmíràn lọ. Láti ìgbà tí ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní 1912, àwọn ènìyàn wa, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará Ọ̀ffà àti àwọn mìíràn, ti ń wá ṣòwò síbí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó dàgbà nínú yín bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín nípa ẹni tó kọ́kọ́ fún wọn ní ibi tí wọ́n máa tẹ́ ẹní sí, ẹni tó bù wọ́n ní iyọ̀, ẹni tó mú wọn lọ sọ́jà tó sì bá wọn sọ Hausa. Kò sí ẹni tó dá gbin ara rẹ̀ síbí.

Ewé tó ń fẹ́ ìtọ́jú

Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, ẹ ó rò pé mo ti dá ẹjọ́ náà tán: ọ̀fẹ́ ló bá dé, ọ̀fẹ́ ni kó bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo apá kejì.

Oòrùn ni oúnjẹ ewé tíì. Bí oòrùn ò bá tàn sí i ní gbangba fún bíi wákàtí 6 lójúmọ́, yóò rí tín-ín-rín, yóò sì dojú bolẹ̀. Ẹ má gbìn ín sábẹ́ máńgòrò kí ẹ wá máa bá a wíjọ́. Bẹ́ẹ̀ oòrùn tó fẹ́ràn yìí náà ló ń gbẹ omi ìdí rẹ̀, nítorí náà ó ń fẹ́ omi dáadáa. Síbẹ̀, kò fẹ́ ilẹ̀ àbàtà. Bí omi bá dá gún sí i nídìí, gbòǹgbò rẹ̀ á rà. Ilẹ̀ tó dára, tí a da ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà mọ́, ló bá a lára mu. Bí ẹ bá ń gbin púpọ̀, ẹ fi bí ẹsẹ̀ bàtà 2 sáàárín ìdí kan àti èkejì, torí ó máa ń fẹ̀. Ẹ ro oko ìdí rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ẹ dúró bí oṣù 4 sí 6 kí ẹ tó gé e nígbà àkọ́kọ́, bí ẹ bá sì ń gé e, ẹ má gé e mọ́ ilẹ̀. Ẹ fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ kó lè rí ibi tí yóò ti rú padà.

Ní ìlú wa yìí, òjò máa ń dá ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, kì í sì í padà dáadáa títí di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Láàárín ìyẹn, ọyẹ́ á dé, ètè wa á máa là, ilẹ̀ á le bí òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ kí ewé tíì rẹ̀ yè ní láti máa pọn omi fún un fún bí oṣù 6. Ẹ̀yin tí ẹ ń fa omi kànga mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Lẹ́yìn bí ọdún 2 tàbí 3, àárín ìdí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Èyí tó wà lẹ́yìn á ṣì tutù, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ti kú. Olùtọ́jú rẹ̀ á wá fi ọkọ́ hú u, á pín in, á ju àárín tó ti gbó nù, á sì tún àwọn ọmọ tó dára gbìn.

Ṣé ẹ wá rí i? Ẹ̀bùn ni ọmọ tí wọ́n fún yín. Omi oṣù 6 kì í ṣe ẹ̀bùn ẹnikẹ́ni.

Ẹjọ́ àwọn ìyá méjì

Nínú iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́-àgùntàn, a máa ń gbọ́ ẹjọ́ tí ìwé sẹ́mínárì ò kọ́ wa. Ìyá àgbàlagbà kan ló fún àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò ní ọmọ ewé tíì mẹ́ta. Kò gba kọ́bọ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ọkọ àbúrò yìí kú, ó wá ń gbin ewé náà lọ gbọọrọ lẹ́bàá ògiri, ó ń dì í ní ìdì-ìdì, ó ń tà á fún àwọn alágbo àti àwọn tó ń mu tíì. Màmá náà á máa gba ibẹ̀ kọjá, á sì já a láì béèrè. Àbúrò ò sọ̀rọ̀.

Ní ọdún kan, Màmá lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní Ìlọrin, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Kó tó dé, ewé tíì tirẹ̀ ti gbẹ pátápátá. Ó lọ bá àbúrò pé kó fún òun ní ọmọ kan kí òun tún gbìn. Àbúrò ní, "Màmá, ẹ má bínú o, mò ń tà á ni." Ó sì dá iye lé e. Màmá ò san, kò sì bá a jà. Ó kàn yí padà lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, kò sí "ẹ káàárọ̀" láàárín wọn mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, Màmá ní, "Pásítọ̀, èmi ni mo fún un! Tèmi ni wọ́n ń tà fún mi!" Àbúrò fi omijé dáhùn pé, "Pásítọ̀, mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Èyí tó wà ńlẹ̀ báyìí lé ní ogójì. Ta ló pọn omi rẹ̀? Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi ló wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin olùkà, àwọn méjèèjì ò purọ́. Ohun tó mú ẹjọ́ náà le nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ti Màmá yẹ̀ wò. Ó fúnni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò tíì jọ̀wọ́ ohun tó fúnni. Bí mo bá fún yín ní nǹkan tí mo sì ń wò ó bíi pé tèmi ni, mo kàn yá yín ni, mi ò sì sọ fún yín pé ẹ̀yáwó ni. Ìyẹn kò dára. Ó ń sọ ẹni tó gba nǹkan di ajigbèsè tí kò mọ iye tó jẹ. Nítorí náà, Màmá ò lè sọ pé ogójì ìdí yẹn jẹ́ tòun. Kò lè ní kí opó má ta ewé tó fi omi ara rẹ̀ bọ́.

Àbúrò wá ńkọ́? Ó tọ̀nà lórí ogójì. Mẹ́ta ló gbàgbé. Bí kò bá sí mẹ́ta, gbogbo omi Kaduna ò lè mú ogójì hù. Iṣẹ́ rẹ̀ sọ díẹ̀ di púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ò dá díẹ̀ náà.

Ẹsẹ̀ méjì nínú orí kan

Ọ̀pọ̀ wa mọ Mátíù orí 10 ẹsẹ 8, níbi tí Jésù ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé ohun tí wọn ò fi owó gbà, kí wọ́n má fi gba owó. À ń fi ẹsẹ yìí bá àwọn tó ń ta nǹkan wí. Àmọ́ ẹ má pa Bíbélì dé síbẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ méjì sí i. Ní ẹsẹ 10, Olúwa kan náà, nínú ọ̀rọ̀ kan náà, ní oúnjẹ òṣìṣẹ́ tọ́ sí i. Ṣé ó gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni? Rárá o. Ohun méjì ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀kan ni agbára ìwòsàn tí ó kọjá ọwọ́ ènìyàn, tí kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ló ṣe é. Èkejì ni ẹsẹ̀ tó rìn, ọ̀fun tó gbẹ, ara tó rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ò ní iye. Ti èkejì ní iye, ó sì yẹ ká san án.

Lóòótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewé ni Jésù ń sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ìyàtọ̀ tó là sílẹ̀ ran ewé tíì wa lọ́wọ́. Ohun méjì ló wà lára ìdí kan ṣoṣo. Ewé tí à ń gé jẹ́ èrè omi, èrè ìgbẹ́ ẹran, èrè ìgbà tí a fi ro oko. Ẹ tà á láìtijú. Ẹni tó bá ń bú opó torí pé ó ń ta ewé, kó kọ́kọ́ lọ bá a pọn omi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nísàlẹ̀, tó ní gbòǹgbò, ni ọ̀nà tí ìyè koríko náà ń gbà kọjá lọ. Ìyẹn ni wọ́n fún wa. Bí ẹni tí kò ní bá bẹ̀ wá pé òun fẹ́ gbìn, kò yẹ ká fi àìlówó lé e padà. Ká ta ewé. Ká má fi owó dí ọ̀nà ọmọ.

Ṣé kò léwu?

Mo ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ nínú: "Pásítọ̀, bí mo bá ń pín ọmọ fún gbogbo ayé, ta ni yóò ra ewé lọ́wọ́ mi?" Ìbéèrè tó dára ni, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Lóòótọ́, ẹ lè pàdánù oníbàárà kan tàbí méjì. Ẹ̀bùn tí kò ná ẹni tó ṣe é ní nǹkan kan kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àárín ìdí tó ń gbẹ. Ẹni tó di gbogbo ọmọ mú, tí kò yà wọ́n, inú ìdí tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kú. Ẹ ní láti hú u, kí ẹ pín in, ẹ fẹ́, ẹ kọ̀. Ọmọ tó ṣẹ́kù lọ́jọ́ tí ẹ pín in, ṣé ààtàn ló yẹ kí ẹ jù ú sí kí ẹlòmíràn má bàa ní?

Ẹlòmíràn á béèrè pé: àwọn tó ń ta ọmọ ewé tíì nínú ọ̀rá lẹ́bàá títì ńkọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń dá? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ra ọ̀rá, wọ́n wa ilẹ̀ dúdú, wọ́n bomi rin ín títí gbòǹgbò fi mú, wọ́n san owó ọkọ̀. Owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń gbà. Ohun tí mò ń wí kan ẹni tí ẹnì kejì rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, tí kò ní, tó sì ń tọrọ ẹyọ kan.

Ká sì fi ìwọ̀n fúnni o. Ẹni tó bá hú gbogbo ìdí rẹ̀ láti fi wu èèyàn kò ní rí nǹkan kan fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ká fi ìyá sílẹ̀ ká tó fún wọn lọ́mọ. Bákan náà, ẹni tó fúnni ní ọmọ láàárín ọyẹ́, láìsọ fún un pé kó máa bomi rin ín, kò tíì fúnni ní nǹkan kan.

Jíjá láì béèrè wá ńkọ́, bíi ti Màmá? Ẹ lọ ka Diutarónómì 23, ẹsẹ 24 àti 25. Òfin yẹn jẹ́ kí ọwọ́ ẹni tí ebi ń pa dé inú ọgbà aládùúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí agbọ̀n rẹ̀ dé ibẹ̀. Bí ara ọmọ yín bá gbóná lóru tí ẹ já ewé mélòó kan láti fi se omi gbígbóná, tí ilẹ̀ mọ́ tí ẹ sọ fún onílé, mi ò rí olè níbẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ọ̀bẹ àti àpò wá, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ewé náà dá yín dúró nílé. Ó ń tuni lára, ṣùgbọ́n bí ibà bá ti mú ọmọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìfẹ́ tí a ní sí ewé ò gbọ́dọ̀ ju ìfẹ́ tí a ní sí ọmọ lọ.

Gbèsè tí à ń san síwájú

Ohun tí mo sọ fún àwọn ìyá méjèèjì nìyí. Mo ní kí Màmá dẹ́kun jíjá ewé láì béèrè, kó sì máa ra èyí tó bá nílò títí tirẹ̀ yóò fi dàgbà. Mo ní kí àbúrò fún un ní ọmọ mẹ́ta, bó ti gba mẹ́ta, kó sì máa ta ewé rẹ̀ lọ. Mi ò ní parọ́ fún yín pé wọ́n dì mọ́ra lọ́jọ́ náà. Màmá ṣì ń fajú ro nígbà tó ń lọ. Ṣùgbọ́n àbúrò gbé ọmọ mẹ́ta lọ sílé wọn, wọ́n sì ti ń kí ara wọn báyìí.

Ẹ̀yin olùkà mi, kì í ṣe ewé tíì nìkan ni kò ní hóró. Iṣẹ́ ọwọ́ ò ní hóró. Ẹ̀yin téélọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin onídìrí, ẹnì kan fi ọwọ́ lé ọwọ́ yín ni. Ẹ gba owó iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe, ẹ gba owó ìkọ́ṣẹ́ tó mọ níwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ní. Ṣùgbọ́n ọmọ tálákà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín, tó ń wo ọwọ́ yín, ẹ má lé e. Èdè wa náà ò ní hóró. Àwọn ọmọ wa tí à ń bí síbí gbọ́ Hausa, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá wọn á gbẹ bí àwa òbí ò bá bu omi rin ín lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wa kó tó kọ́ wa ní "ẹ káàárọ̀."

Nítorí náà, ta ló ni ewé tíì tó wà lẹ́bàá ògiri? Ẹni tó ń bomi rin ín ló ni ewé rẹ̀. Ìyè tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti Ọlọ́run, ó sì ń gba ọwọ́ wa kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ mú ọkọ́, kí ẹ hú ìdí tó ti gbó. Ẹ ya àwọn ọmọ tó tutù sọ́tọ̀, kí gbòǹgbò wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé ewé orí wọn kúrú, kí ìwọ̀nba omi tí gbòǹgbò tuntun ń fà lè tó wọn. Ẹ tún èyí tó máa tó yín gbìn sí ibi tí oòrùn ti ń tàn. Ẹ fi aṣọ tútù di ìdí èyí tó bá ṣẹ́kù, kí ẹ sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹnì kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò wa.